Ìwé atọ́nà àti ọ̀wọ́ ìtàn ayé àràmàǹdà: ohun tí ẹ ń bi wá léraléra

Àwa tí a jọ ń ka ìtàn ayé àràmàǹdà (fantasy lédè Gẹ̀ẹ́sì) ní Àkúrẹ́, pẹ̀lú àwọn tó ń wọkọ̀ wá bá wa láti Oǹdó àti Òkè-Igbó, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi wá ṣáá. Mo ti kó wọn jọ síbí. N kò ní tú ìdí ìtàn kankan síta: ẹni tó máa kú àti ẹni tó máa dalẹ̀, inú ìwé ni kí ẹ ti bá wọn pàdé.

Kí ni ìwé atọ́nà?

Ìwé tí wọ́n kọ nítorí ìwé mìíràn ni. Bí ìtàn bá gùn dé ìdìpọ̀ mẹ́wàá, ènìyàn inú rẹ̀ á pọ̀, ìlú á pọ̀, ogun àtijọ́ tí wọ́n kàn dárúkọ lẹ́ẹ̀kan á sì tún jẹ yọ lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ojú ìwé. Ìwé atọ́nà máa ń ṣa gbogbo rẹ̀ jọ, á sì sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́.

Àpẹẹrẹ tí màá lò jù ni The Wheel of Time ti Robert Jordan, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń kà lọ́wọ́. Ìdìpọ̀ 14 ni, yàtọ̀ sí New Spring tó dá dúró. Èyí àkọ́kọ́ jáde ní 1990, èyí tó kẹ́yìn ní 2013. Jordan kú ní 2007 nígbà tí ìtàn kò tíì parí. Brandon Sanderson ló fi àwọn àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀ parí rẹ̀, ìdìpọ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn sì ni ti ọwọ́ rẹ̀. Ìwé atọ́nà rẹ̀, The Wheel of Time Companion, jáde ní 2015. Harriet McDougal, ìyàwó Jordan tó tún jẹ́ olóòtú ìwé rẹ̀, ló ṣe é pẹ̀lú Alan Romanczuk àti Maria Simons, àwọn méjì tó ti ń bá Jordan ṣiṣẹ́ nígbà ayé rẹ̀.

Ṣé mo lè ka ìtàn náà láìní ìwé atọ́nà?

Bẹ́ẹ̀ ni. Bí owó ìwé kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ yín, ìdìpọ̀ tó kàn nínú ìtàn ni kí ẹ rà.

Ṣé oríṣi kan náà ni gbogbo wọn?

Rárá o. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ra èyí tí kò bá ohun tí wọ́n ń wá mu. Àwọn kan tò bí ìwé atúmọ̀ èdè, láti A dé Z. Bí Companion ti 2015 ṣe rí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni The Complete Guide to Middle-earth tí Robert Foster ṣe lórí Middle-earth, ayé inú ìtàn Tolkien tó kọ The Lord of the Rings, tó jáde ní 1978. Ẹni tí orúkọ ti fò lórí rẹ̀ ló nílò irú èyí.

Òmíràn ń bá ìtàn rìn ní orí-orí. Wayne Hammond àti Christina Scull ṣe irú rẹ̀ lórí The Lord of the Rings ní 2005. Ẹ ó ṣí orí tí ẹ ń kà, ẹ ó rí àlàyé gbólóhùn tó ta kókó, ibi tí orúkọ kan ti wá, àti ohun tí Tolkien kọ tẹ́lẹ̀ kó tó yí i padà. Irú èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí pé ó ń kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń fara balẹ̀ kàwé. Ó gba sùúrù, kò sì yẹ ẹni tó ń sáré mọ bí ìtàn ṣe máa parí.

Ìwé máàpù tún wà. Karen Wynn Fonstad, tó kọ́ṣẹ́ yíya máàpù, gbé The Atlas of Middle-earth jáde ní 1981, ó sì tún un ṣe ní 1991. Kò fi mọ sí òkè àti odò nìkan. Ó ya ọ̀nà tí àwọn arìnrìn-àjò inú ìtàn tọ̀ àti ibi tí ilẹ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ṣú wọn sí. Àwọn kan sì wà tó gba ìrísí ìwé ìtàn tí ará ayé náà fúnra rẹ̀ kọ, bíi The World of Ice & Fire ti 2014, tí George R. R. Martin kọ pẹ̀lú Elio García àti Linda Antonsson. Màá padà sórí ìyẹn nísàlẹ̀, nítorí ó ní bí a ṣe ń kà á.

Kí ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ìwé ìtàn fúnra rẹ̀. Ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú The Wheel of Time ní àlàyé orúkọ àti ọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Tolkien náà kó àfikún rẹpẹtẹ sí ẹ̀yìn ìdìpọ̀ kẹta ní 1955: ìtàn àwọn ọba, ìlà ìdílé, kàlẹ́ńdà, ọ̀nà ìkọ̀wé àwọn ẹ̀yà. Ẹ ti sanwó ìyẹn mọ́ ìwé.

Ìgbà wo ni kí n ṣí i: kí n tó kà, bí mo ṣe ń kà, tàbí lẹ́yìn tí mo bá parí?

Lẹ́yìn ló dáa jù. Ìwé tó tò ní A dé Z kì í mọ ibi tí ẹ kà dé. Tí ẹ bá ṣí orúkọ ẹnì kan láti mọ ọmọ ẹni tó jẹ́, gbólóhùn kìíní á sọ ìlú rẹ̀, ìkejì á sọ iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì tó gbé ojú kúrò, ìkẹta ti sọ ẹni tó pa á. Mo ti rí òǹkàwé rere tó pa ìtàn tì nítorí irú èyí, ó sì dùn mí, torí pé ibi tí kò tíì kà dé ló dùn jù.

Tó bá pọn dandan láàárín ìkàwé, ẹ lo àlàyé tó wà lẹ́yìn ìdìpọ̀ tí ẹ ń kà lọ́wọ́, tàbí ti èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ẹni tó wà ní ìpele yín ni wọ́n kọ ìyẹn fún. Ohun tí àwa ń ṣe láàárín ara wa ni pé ìwé atọ́nà ńlá kì í kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ti ka ìtàn tán. Ẹni tó bá fẹ́ mọ nǹkan á bi í: "Ẹ̀gbọ́n, ta tún ni obìnrin tó wà ní ilé èrò yẹn?" Ẹ̀gbọ́n á wò ó, á ka ibi tí kò léwu síta, á sì pa ìyókù mọ́ra. Ọ̀nà yìí dùn mọ́ wa débi pé àwọn tó ti ka ìtàn tán kì í fẹ́ pa ìpàdé jẹ.

Nígbà tí ẹ bá ń kà á lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ṣí i bó ṣe wù yín. Ibẹ̀ ni ìwé atọ́nà ti ń san owó rẹ̀ padà. Nínú The Wheel of Time, ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Min, tó máa ń rí àmì àti àwòrán lára ènìyàn. Láti ìdìpọ̀ kìíní ló ti ń rí wọn, àwọn kan nínú wọn kò sì ṣẹ títí ẹ fi kà á jìnnà gan-an. Ẹni tó ń kà á ní àkọ́kọ́ á fò ó kọjá. Ẹni tó ń kà á lẹ́ẹ̀kejì, tí ìwé atọ́nà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa tọ àmì kọ̀ọ̀kan lọ dé ibi tó ti ṣẹ, á sì rí i pé Jordan mọ ibi tó ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbádùn yẹn kò sí nínú àkọ́kà.

Orúkọ wọn ń dà pọ̀ mọ́ra lójú mi. Kí ni mo lè ṣe?

Kò yani lẹ́nu. Nínú The Wheel of Time nìkan, Elayne wà, Elaida wà, Egwene wà. Galad, Gawyn àti Gareth sì tún wà, tí gbogbo wọn bá ààfin kan náà tan lọ́nà kan tàbí òmíràn.

Ẹ wá ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan. Ẹ má tò ó ní A dé Z, torí ìwé atọ́nà ti ṣe ìyẹn fún yín. Ibi tí wọ́n wà ni kí ẹ fi tò ó: ojú ìwé kan fún ìlú kan, ojú ìwé kan fún ẹgbẹ́ tó jọ ń rìnrìn àjò. Tí ẹnì kan bá ṣí kúrò, ẹ fi ìlà gba orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ síbi tó lọ, ẹ sì fi nọ́ńbà ìdìpọ̀ sí i. Ìwé atọ́nà A dé Z kì í sọ ibi tí gbogbo wọn wà ní àkókò kan náà fún yín, ohun tí òǹkàwé sì máa ń gbàgbé jù nìyẹn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pe àwọn orúkọ yìí?

Àlàyé ẹ̀yìn ìwé sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀. Egwene, bí àpẹẹrẹ, "ẹgwéìn" ni Jordan ń pè é. Àmọ́ bó bá ti mọ́ yín lẹ́nu láti pè é ní "Ẹgwẹ́nẹ̀", ẹ máa pè é bẹ́ẹ̀. Ìtàn kò ní yí padà.

Mo ti pa ìtàn tì láàárín, ó sì ti pẹ́. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni?

Bí àyè bá wà, kò burú. Ṣùgbọ́n àyè kì í sábà sí, ẹni tó bá ní dandan òun á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sì sábà máa ń dúró sí ibi tó dúró sí tẹ́lẹ̀. Nínú The Wheel of Time, àárín ìdìpọ̀ 7 sí 10 ni ẹsẹ̀ ti ń wúwo fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìtàn ti pín sí ọ̀nà púpọ̀ níbẹ̀, olúkúlùkù sì ń rìn díẹ̀díẹ̀.

Ẹ mú ìdìpọ̀ tí ẹ parí kẹ́yìn, ẹ ka orí mẹ́ta tó kẹ́yìn nínú rẹ̀, ẹ ka àlàyé ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rántí nípa ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ibi tí ẹ kò bá rántí ni kí ẹ bi ẹni tó ti kọjá ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wọnú ìdìpọ̀ tó kàn. Ohun tó kù á máa padà wá fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ṣe ń kà lọ.

Máàpù kò yé mi lórí fóònù.

Ẹ ya máàpù náà kúrò lójú fóònù, ẹ gbé e lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí pépà A3. Ẹni tó wà ní Àkúrẹ́ á rí wọn ní South Gate FUTA, ẹni tó wà ní Oǹdó á rí wọn nítòsí Adéyẹmí. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ẹ máa fi pẹ́ńsù fa ọ̀nà tí wọ́n ń gbà, àwọ̀ kan fún ìdìpọ̀ kan.

Ẹ tún máa ro bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 50. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn ín, tó ru ẹrù, á sùn sọ́nà kó tó dé. Bí ẹ bá fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tí àwọn ọmọ abúlé Emond's Field kọrí sí ìlú Caemlyn nínú ìdìpọ̀ kìíní The Wheel of Time, àárẹ̀ wọn á yé yín, ẹ ó sì mọ ìdí tí ìròyìn fi máa ń pẹ́ kó tó dé etí ẹni tó nílò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjà inú ìtàn yìí, àìgbọ́ ìròyìn lásìkò ló fà á.

Ètò wo ni kí n fi kà wọ́n: bí wọ́n ṣe jáde, tàbí bí ọdún inú ìtàn ṣe tò?

Bí wọ́n ṣe jáde. Àwọn ìwé atọ́nà kan máa ń to ọdún inú ìtàn láti ìṣẹ̀dálẹ̀, èyí sì máa ń tan òǹkàwé tuntun láti bẹ̀rẹ̀ níbi tó pẹ́ jù. New Spring sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú ìdìpọ̀ kìíní, ṣùgbọ́n 2004 ló jáde, lẹ́yìn ìdìpọ̀ 10. Jordan kọ ọ́ fún ẹni tó ti mọ Moiraine àti Lan, ẹ̀dá ìtàn méjì inú rẹ̀, dáadáa. The Silmarillion náà sọ nípa ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé Tolkien, ṣùgbọ́n ó jáde ní 1977, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹni tó bá fi í bẹ̀rẹ̀, àfàìmọ̀ kó má dé ìdajì.

A ní tiwa nílé. Ní 1938 ni Fágúnwà mú Àkàràògùn wá fún wa nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀. Ní 1949 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sẹ́yìn sí ìtàn Olówó-ayé, bàbá rẹ̀, nínú Igbó Olódùmarè. Bí ẹ bá ti mọ ọmọ kí ẹ tó bá bàbá pàdé, ojú tí ẹ ó fi wo bàbá á yàtọ̀. Bí Fágúnwà ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ìwé atọ́nà The Wheel of Time méjì ni mo rí. Èwo ni kí n rà?

Ti 1997, The World of Robert Jordan's The Wheel of Time, tí Teresa Patterson bá Jordan ṣe, jáde nígbà tí ìdìpọ̀ méje péré wà nílẹ̀. Kò lè tú ohun tó wà nínú ìdìpọ̀ 8 sí 14 fún yín, èyí sì jẹ́ àǹfààní fún ẹni tó ti ka méje. Ìtàn ayé náà ló wà nínú rẹ̀ ní kíkún: ayé àtijọ́ tí agbára pọ̀, bí ayé ṣe fọ́, ìjọba ọba àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Hawkwing, àṣà orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Ohùn akọ̀tàn tó ń gbé ayé náà ni wọ́n fi kọ ọ́, nítorí náà àwọn ibì kan wà tí ó ń méfò. Àwọn àwòrán ènìyàn inú rẹ̀ kò wù mí rárá; ẹ jẹ́ kí ojú inú yín ya tiyín.

Ti 2015 ló kún jù, pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè Old Tongue, èdè àtijọ́ inú ìtàn náà, nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ti parí ìtàn, òun ni kí ẹ rà. Bí ẹ kò bá tíì parí, ẹ kọ́kọ́ fi owó náà pamọ́.

Ìtàn tí mò ń kà kò tíì parí. Ṣé ìwé atọ́nà rẹ̀ wúlò?

Ó wúlò, àmọ́ ẹ wo ọdún tó jáde kí ẹ tó wo ohunkóhun. Ìwé karùn-ún nínú A Song of Ice and Fire ti Martin jáde ní 2011, ìwé atọ́nà rẹ̀ ti 2014, The World of Ice & Fire, sì tẹ̀ lé e. Ìtàn àtijọ́ ayé náà ni wọ́n gbé e kà, kò sì sọ ibi tí ìtàn ń lọ. Ọgbọ́n nìyẹn.

Ti Discworld, ọ̀wọ́ ìtàn Terry Pratchett, yàtọ̀. Òun àti Stephen Briggs kọ́kọ́ gbé ìwé atọ́nà rẹ̀ jáde ní 1994, wọ́n sì ń tún un ṣe bí ìtàn ṣe ń pọ̀ sí i, títí dé èyí tó jáde ní 2012. Pratchett kú ní 2015, ìtàn Discworld sì parí sí 41. Méjì nínú wọn jáde lẹ́yìn ìwé atọ́nà ti 2012, nítorí náà ẹ kò lè bá wọn níbẹ̀. Ẹni tó bá ra ti 1994 lọ́wọ́ oníwé tòkunbọ̀ á rí púpọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ tí kò sí níbẹ̀.

Níbo la ti lè rí irú ìwé báyìí ní Àkúrẹ́?

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé tòkunbọ̀, ìtàn fúnra rẹ̀ máa ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìdìpọ̀ kẹrin láìsí ìkẹta. Ìwé atọ́nà ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ń ránṣẹ́ sí Ìbàdàn tàbí Èkó, tàbí kí a ra èyí tí wọ́n ń kà lórí fóònù. Bí ó bá wọ́n jù fún ẹnì kan, ẹ dá èésú ìwé. Ẹ̀dà kan tó fún ènìyàn mẹ́jọ tó ti ka ìtàn tán, torí pé kì í ṣe ìwé tí a ń kà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Nípa PDF tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp: àwọn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún to àkọsílẹ̀ olóògbé jọ ń jẹun nínú iṣẹ́ náà. Àwa kì í pín in láàárín ara wa.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Bí ìtàn bá wà lórí fóònù yín, ibi tí ẹ ti ń wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ìwé atọ́nà fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ orúkọ tí ẹ gbàgbé síbẹ̀, gbogbo ibi tó ti hàn á jáde lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ ṣí èyí àkọ́kọ́, ẹ kà á, kí ẹ sì padà síbi tí ẹ wà. Ẹ má wo àwọn tó wà níwájú yín.

Ṣé wiki, ìwé atọ́nà orí ayélujára tí àwọn òǹkàwé jọ ń kọ, kò tó?

Ó yá, ó sì máa ń kún ju ìwé lọ. Ewu rẹ̀ ni pé àwòrán àti àkọlé lásán lè tú ìtàn kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ kankan, àpótí ìwákiri fúnra rẹ̀ sì lè parí orúkọ tí ẹ ń tẹ̀ pẹ̀lú oyè tí ẹni náà kò tíì jẹ níbi tí ẹ kà dé. Ẹnikẹ́ni ló tún lè kọ síbẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun tó ṣe pàtàkì, ẹ wo orí àti ìdìpọ̀ tó ní òun ti rí i. Bí kò bá dárúkọ ibì kankan, ẹ má gbé e lọ sí ibi àríyànjiyàn.

Mo ti wo fíìmù rẹ̀. Ṣé ìwé atọ́nà á bá a mu?

Kò ní bá a mu. Fíìmù The Wheel of Time tí Amazon gbé jáde láti 2021 dé 2025, ní ìpín mẹ́ta, yí ọ̀pọ̀ nǹkan padà, ìtàn ibẹ̀ kò sì dé òpin ìwé. Ìwé ni ìwé atọ́nà ń tọ́nà sí. Bí ẹ bá bá fíìmù wọlé, ẹ káàbọ̀, ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdìpọ̀ kìíní.

Ìwé atọ́nà sọ ohun kan, ìtàn sọ òmíràn. Èwo ni kí n gbà?

Ìtàn ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè pé ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé atọ́nà náà. The World of Ice & Fire kò sọ pé Martin ló ń sọ̀rọ̀. Ọ̀mọ̀wé kan nínú ayé náà, Maester Yandel, ni wọ́n fi kọ ọ́, ọba tó wà lórí oyè ló sì ń kọ ọ́ fún. Ẹ wo bí ó ṣe ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀ tó bá kan ìdílé alágbára, ibi tó ti ń yìn wọ́n jù, àti ibi tó ti sáré kọjá. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn ìlú kan láàfin, tó tún lọ gbọ́ ọ ní agbo ilé tí kì í jọba, mọ bí a ṣe ń ká irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò. Bí Yandel bá ṣì í sọ, àṣìṣe náà jẹ́ ara ìtàn. Martin mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ ni.

Nínú irú ìwé A dé Z, tí olóòtú ń fi ohùn ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀ràn yàtọ̀. Tí ìyẹn bá tako ìtàn, àṣìṣe olóòtú ni.

Ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ òǹkọ̀wé tó ti kú, tí kò sí nínú ìtàn, ṣé ó jẹ́ ara ìtàn?

Ìbéèrè tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa jù nìyí. Companion ti 2015 gbé ọ̀pọ̀ nǹkan jáde láti inú àkọsílẹ̀ Jordan tí kò dé inú ìdìpọ̀ kankan. Àwọn kan nínú wa gbà pé bí Jordan bá ti kọ ọ́, òtítọ́ ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Òǹkọ̀wé máa ń kọ ohun púpọ̀ sílẹ̀ láti fi dán an wò.

Ẹ wo Tolkien. Ọmọ rẹ̀, Christopher, to àkọsílẹ̀ bàbá rẹ̀ sí ìdìpọ̀ 12, láti 1983 dé 1996. Níbẹ̀ la ti rí i pé ẹni tí a mọ̀ sí Aragorn nínú The Lord of the Rings lónìí, nígbà tí Tolkien kọ́kọ́ ń kọ ọ́, hobbit ni, ọ̀kan nínú ẹ̀yà àwọn ènìyàn kúkúrú inú ìtàn náà. Trotter ni orúkọ rẹ̀, bàtà onígi ló sì ń wọ̀. Kò sí ẹni tó máa sọ pé Aragorn jẹ́ hobbit nítorí ìyẹn. Àkọsílẹ̀ náà ṣeyebíye gidigidi nítorí ó ń fi bí ọkàn òǹkọ̀wé ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn wá. Mo máa ń gbé e sí ìpele kẹta: ìtàn tó tẹ̀ jáde ni ìpele kìíní, lẹ́yìn rẹ̀ ohun tí òǹkọ̀wé fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún òǹkàwé, kí a tó wá kan ohun tó kù sínú àpótí.

Ṣé irú ìwé yìí wà fún ìwé Fágúnwà?

Ọmọ Òkè-Igbó ni Fágúnwà, wọ́n bí i ní 1903, ó kú ní 1963, ó sì fi ìtàn àròsọ márùn-ún sílẹ̀: Ògbójú Ọdẹ ní 1938, Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó ní 1949, Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje ní 1954, Àdììtú Olódùmarè ní 1961. Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ ìwé ńlá kan lórí wọn ní 1974, The Novels of D. O. Fagunwa. Iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé ni, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni. Ẹ kà á bí ẹ bá rí i.

Èyí tí ọkàn mi ń fà sí ni èyí tó tò ní A dé Z, ní èdè Yorùbá, tí ọmọ ilé ìwé lè ṣí. Tí ó bá ń wá Kàkó, á rí i. Tí ó bá ń wá Ìmọ̀dòye tàbí Olóhùn-iyọ̀, á mọ ohun tí oníkálukú gbé dání nígbà tí wọ́n ń lọ sí Òkè Láńgbòdó. Á rí i pé ìrìn àjò sí Òkè Ìrònú nínú ìwé 1954 fara jọ ti Láńgbòdó nínú ìwé 1938, á sì lè béèrè ìdí tí Fágúnwà fi padà sórí òkè. Lóòótọ́, ìwé márùn-ún náà kò so kọ́ra bíi ti Jordan. Okùn bàbá sí ọmọ kò kọjá méjì àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n igbó, iwin, ìjà, ìwàásù àti ìrìn àjò ń jọ ara wọn láti ìwé dé ìwé, kò sì sí bí ẹ ṣe lè rí ìjọra náà dáadáa láìtò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Bí a bá fẹ́ ṣe é fúnra wa, báwo la ṣe máa bẹ̀rẹ̀?

Ẹ pín ìwé: ẹnì kan, ìwé kan. Páálí kékeré kan fún orúkọ kan, ẹ̀dá tàbí ibi tàbí ohun èlò. Ẹ kọ ohun tí ìwé sọ, ní gbólóhùn mẹ́ta ó pọ̀ jù, láìfi èrò tiyín sí i. Ẹ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, kí ohunkóhun tó máa tú òpin ìtàn wà nísàlẹ̀ ìlà náà, kí ẹni tó ń kà á lọ́wọ́ mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Ẹ kọ nọ́ńbà ojú ìwé, ẹ sì kọ ọdún tí wọ́n tẹ ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀dà àtijọ́ àti ẹ̀dà tuntun kò dọ́gba lójú ìwé, àkọtọ́ wọn náà sì yàtọ̀, nítorí náà ẹ fi orí tàbí ìṣẹ̀lẹ̀ tó wà níbẹ̀ kún un. Bí ẹni méjì bá kọ orúkọ kan ní ọ̀nà méjì, ẹ tọ́jú méjèèjì, ẹ fi àkọtọ́ òde òní ṣe olórí.

Nígbà tí ó bá di títò, ẹ má fi í sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Ó máa ń kó Ẹ pọ̀ mọ́ E, á sì há Gb sáàárín G. Ẹ fọwọ́ tò ó bí álífábẹ́ẹ̀tì wa ṣe rí: E kó tó kan Ẹ, G kó tó kan Gb, O kó tó kan Ọ, S kó tó kan Ṣ.